Ògúndìran, Ọ̀dàlẹ̀ Ọdún Mọ́kànlá

Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé òṣèré ò lókìkí àfi bí ìwé ìròyìn bá gbé orúkọ rẹ̀, ẹ sún mọ́bí, kí ẹ gbọ́ ti Ògúndìran ará abúlé Odomèta ní agbègbè Kétu. Kò sí ìwé ìròyìn kan tó mọ̀ ọ́n rí. Ràdíò Kútọnu ò dá orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ohun tí ọkùnrin yìí fi ojú àti ẹnu rẹ̀ ṣe ní pápá Kétu, ó tó ọdún mẹ́tàlá tó fi ń jìyà rẹ̀ lóko. Bí ẹ bá mọ òṣèré mìíràn tí ìlú gba eré rẹ̀ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá pè wá kí àwa náà wá wò ó.

Àgbẹ̀ paraku ni. Iṣu, àgbàdo àti gbágùúdá ló ń gbìn sórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Idigny. Ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ débi pé bó bá kí èèyàn láti ẹ̀yìnkùlé, onílé á sáré wá àga nítorí yóò rò pé àlejò ńlá ló dé. Kò lọ sílé-ìwé. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó máa ń bá àwọn oníṣòwò ata tó ń bọ̀ láti apá Àgbómẹ̀ ru ẹrù. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti gbọ́ èdè Fọ̀n, ibẹ̀ náà ló sì ti mọ bí ahọ́n wọn ṣe ń yí èdè wa po nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ó fẹ́ Clémence, ọmọ ìjọ Àgùdà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í sọ ọ́ tì. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Agathe, ilé ọkọ rẹ̀ sì wà ní Pobè.

Ní ọdún 1949, gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń jẹ́ Firmin kó àwọn ọkùnrin kan jọ ní Kétu, ó ní kí wọ́n fi bí ogun Dàhọ̀mì ṣe kó ìlú láyé àwọn bàbá wọn ṣe eré. Gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ́ ọba. Àwọn tí ipò ọba bọ́ mọ́ lọ́wọ́ fẹ́ jẹ́ balógun. Ṣùgbọ́n Firmin ti ti orí ara rẹ̀ fi ẹnì kan kún ìtàn náà: ìránṣẹ́ ọ̀tá kan tó wá bá Kétu mulẹ̀ lẹ́nu ibodè, tó fi ìbúra tan àwọn àgbà ìlú jáde, tó sì fà wọ́n lé ọ̀tá lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà rí. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é. Ọ̀kan ní ìyá òun ò ní gbà, èkejì ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. Ògúndìran, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ní kí wọ́n gbé e wá.

Bí ó ṣe máa ń ṣe é nìyí. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, gbogbo Kétu á pé sí pápá tó wà lẹ́yìn ọjà. Ògúndìran á wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun léjìká. Á bẹ̀rẹ̀, á bu erùpẹ̀ lórí ilẹ̀ Kétu, á dà á sínú igbá omi, á fi ìka rò ó, á gbé igbá náà sókè kí tọmọdé tàgbà lè rí i. Á wá fi ahọ́n àwọn aláta ọjọ́sí búra pé bí òun bá da Kétu, kí ilẹ̀ má gba òkú òun. Á mu omi náà tán. Nígbà tó bá ti mu ún tán ni á yí ojú sí èrò, á rẹ́rìn-ín kékeré kan báyìí, tí ètè rẹ̀ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Ẹ̀rín yẹn ni Kétu ò gbàgbé.

Ohun tí èrò ò mọ̀ ni pé kì í ṣe erùpẹ̀ ló ń mu. Clémence ló máa ń yan àgbàdo títí yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ Kétu, á lọ̀ ọ́ kúnná, á sì pọ́n ọn sínú ewé fún un. Inú àtẹ́lẹwọ́ ni Ògúndìran ń fi í pamọ́ sí. Ọwọ́ rẹ̀ á kan ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo ló ń bọ́ sínú igbá. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Firmin tó kọ́ wọn léré gan-an ò mọ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ìyá arúgbó kan wà láàárín èrò tí ogun ti kó lọ sí Àgbómẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sì padà wálé lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí Ògúndìran ṣe rẹ́rìn-ín tán ni ìyá yìí dìde, ó la àárín èrò kọjá, ó wá dúró níwájú rẹ̀, ó sì wò ó títí. Ó ní, "Ìwọ náà rèé." Ó kẹ̀yìn sí i, ó bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ògúndìran ò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó sọ fún Clémence pé ẹni tí ogun fọwọ́ ara rẹ̀ mú ti jẹ́rìí òun, kí ni òun tún ń wá?

Ẹ̀san rẹ̀ ò pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe ohun àwàdà. Ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yìí ò sì ní àfi-bó-bá-jẹ́-eré nínú. Obìnrin oníyọ̀ ní ọjà ò gbé iyọ̀ lé Ògúndìran lọ́wọ́ mọ́. Orí ẹní ló ń gbé e sí, kó fúnra rẹ̀ mú un. Ní ọdún kejì eré náà ni Barnabé, olórí àáró Odomèta, wá bá a nílé. Ọkùnrin mẹ́wàá ló wà nínú àáró yìí, Ògúndìran ṣe ìkọkànlá wọn, oko tìrẹ lónìí, oko tèmi lọ́la, kí ẹnikẹ́ni tó sì wọ inú rẹ̀, yóò fọwọ́ kan ilẹ̀, yóò búra pé òun ò ní yẹ ọjọ́. Barnabé ò bínú, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó ní ìbúra Ògúndìran ò lè so àwọn pọ̀ mọ́, nítorí gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀ nígbà tó da èyí tó ṣe. Ó ní kó máa dá oko rẹ̀ ro.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tó ń dá ebè kọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ méjì péré sì ni Ògúndìran ní. Iṣẹ́ tí àáró ń fi ọjọ́ kan ṣe ń gba oṣù kan gbáko lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àgbàdo bá sì tún gbẹ, tí àwọn eléré tún pé jọ, á tún lọ, á tún búra, á tún mu ún, á tún rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá. Clémence bi í nígbà kan ìdí tí kò fi gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ní kó dárúkọ ẹni tó lè ṣe é bí òun. Clémence rò ó títí, kò rí orúkọ kankan dá, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Firmin kú lọ́dún 1960 tí a gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé, àwọn eléré tú ká, àwọn mìíràn tilẹ̀ kọjá sí Nàìjíríà. Eré parí, ṣùgbọ́n àáró ò gba Ògúndìran padà. Nígbà tó máa fi di ọdún 1963, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀yìn sì ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí kì í lè nà tán kí oòrùn tó mú. Ó ti ṣán igbó ibi tó máa gbin iṣu ọdún tó ń bọ̀ sí. Ebè gbọ́dọ̀ dìde níbẹ̀ kí òjò tó ká kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ á gan, ọkọ́ ò ní wọlé. Ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ò lè dá a kọ mọ́. Bí àáró ò bá gbà á lọ́dún náà, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ á di igbó.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí Mẹ́tìrù Raphaël dé ní oṣù keje. Ọmọ Pobè ni, olùkọ́ ilé-ìwé ní Kétu, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì mọ èèyàn kí. Bírò ìjọba, ìyẹn ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ, ló rán an pé kó kọ orúkọ àwọn òṣèré olókìkí agbègbè náà sínú ìwé, kí wọ́n lè pè wọ́n sórí pèpéle lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ tí wọ́n máa ṣe àjọ̀dún òmìnira. Ẹnì kan ló dárúkọ Ògúndìran fún un, ló bá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí Odomèta.

Ó béèrè bóyá orúkọ bàbá ti jáde nínú ìwé ìròyìn rí. Rárá. Ó béèrè bóyá ràdíò ti gbé ohùn wọn. Rárá. Fọ́tò ńkọ́, bó ti wù kó kéré mọ? Ògúndìran ní ayafọ́tò kan wá lẹ́ẹ̀kan, ó ya ọba, ó ya balógun, ṣùgbọ́n nígbà tó kan òun, ọkùnrin náà ní òun ò lè gbé ẹ̀rín yẹn sínú àpótí òun wọlé tọ ọmọ òun. Mẹ́tìrù rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó sì de ìdérí kálámù rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Mímọ̀ ni wọ́n mọ̀ yín. Òkìkí yàtọ̀ sí ìyẹn. Òkìkí a máa ní ẹ̀rí."

Ọ̀wọ̀ wà nínú bó ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dun Ògúndìran wọ egungun. Tẹ́lẹ̀, ó ti ń fi "ẹ" dá Mẹ́tìrù lóhùn nítorí ìwé tó kà. Ó gba "ẹ" náà padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní kó dìde, kí wọ́n jọ lọ sóko. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí iṣu ọdún náà ti ń gun ọ̀pá lọ, ebè tẹ̀lé ebè títí dé ẹsẹ̀ igbó, ó fi ọwọ́ ká a.

"Ẹ̀rí lo ń wá? Ka ebè yìí. Èmi nìkan ni mo kọ gbogbo rẹ̀, ọdún dé ọdún, nítorí ohun tí mo fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe ní pápá. Nínú àwọn tí fọ́tò wọn wà lọ́wọ́ rẹ, èwo ni ìlú gba eré rẹ̀ gbọ́ tó báyìí?"

Mẹ́tìrù wo ebè, ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà, ó sì tún wo ìwé ọwọ́ ara rẹ̀. Nínú ìwé tí bírò fún un, àyè wà fún ìwé ìròyìn, àyè wà fún ràdíò, àyè wà fún fọ́tò. Kò sí àyè fún ebè. Kí la fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣe?

Ṣùgbọ́n àánú ṣe é. Nígbà tí wọ́n padà délé, Clémence gbé àga fún un, ó ní kó jókòó, ó sì tú àṣírí ọdún mọ́kànlá sílẹ̀ fún un níṣojú ọkọ rẹ̀. Ògúndìran wò ó bí ẹni pé ó fẹ́ gbé e mì, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, kò dákẹ́. Mẹ́tìrù fò sókè. Ó ní àṣé ọ̀rọ̀ ò le rárá. Láìdárúkọ àgbàdo, ó lọ bi Barnabé léèrè pé bó bá jẹ́ pé kì í ṣe ilẹ̀ ni Ògúndìran mu ńkọ́? Barnabé rò ó dáadáa. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìbúra tó dà, ṣùgbọ́n kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo Kétu, nítorí ojú gbogbo Kétu ló ti ṣe é. Bó bá sọ ọ́, ọkọ́ mẹ́wàá á wọ oko rẹ̀ kí òjò tó ká. Mẹ́tìrù bá fi Ògúndìran sínú ètò àjọ̀dún. Kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí olókìkí o. Ó ní kí bàbá wá ṣàlàyé fún àwọn èèyàn pé eré ni eré.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Clémence fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. "Bàbá Agathe, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀yìn yín ò lè gbé ọdún mìíràn."

"Bí mo bá sọ ọ́, kí ni mo wá ṣe láti ọjọ́ yìí? Àgbàdo ni mo dúró mu lójú ìlú?"

"Ẹ mu àgbàdo, kí ẹ sì rí iṣu jẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí mọ́gbọ́n wá, kò sì sí ibi tí Ògúndìran lè gbé e gbà. Ó ní òun á sọ ọ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó ti ọkàn rẹ̀ wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, Clémence yan àgbàdo, ó lọ̀ ọ́, ó sì pe Mẹ́tìrù kó wá tọ́ ọ wò, kí ẹlẹ́rìí má baà wọ́n. Mẹ́tìrù fi ìka méjì bù ú sẹ́nu, ó lá ètè rẹ̀. Ó ní epo pupa ló kù, ì bá ti di àádùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Clémence pọ́n ìyókù sínú ewé, ó fún ọkọ rẹ̀, wọ́n sì jọ lọ sí pápá.

Clément ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọmọ Kétu ni òun náà, ó ń bá àwọn eléré kan rìn ní Àjàṣẹ́, fọ́tò rẹ̀ sì ti jáde nínú ìwé ìròyìn nígbà méjì. Ó wọ kóòtù, ó dé fìlà aláwọ̀ eérú, ó tẹrí ba dáadáa, kò ṣe nǹkan kan tó burú. Wọ́n ní ká pàtẹ́wọ́, a pa á. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Clémence béèrè pé ọmọ ta nìyẹn, àwọn tó yí i ká ò sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Mẹ́tìrù dárúkọ Ògúndìran, kò sí pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó béèrè lẹ́ẹ̀kan yẹn ò béèrè mọ́. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì fi ìborùn bò ó lójú. Mẹ́tìrù sọ̀rọ̀ gígùn pé òṣèré kì í ṣe ẹni tó ń fi ara rẹ̀ pè, pé ayé ti là, pé bàbá fúnra wọn á fi ohun tó wà nínú igbá hàn wá. Wọ́n gbé igbá omi wá. Barnabé àti àwọn mẹ́sàn-án yòókù ti dúró níwájú, wọ́n ká ọwọ́ sáyà, wọ́n ń retí.

Ògúndìran tú ewé náà sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó pa ọwọ́ dé, ó la ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó kàn tún wo èrò náà lẹ́ẹ̀kan ṣáájú ni. Àwọn tó ti rí i nígbà mọ́kànlá wà níbẹ̀, àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà eré àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹyọ ojú kan tó kúrò lára ọwọ́ tó pa dé yẹn. Bó bá ṣí i, oúnjẹ ni wọ́n máa rí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dárí jì í, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ ọjà. Inú bí i. Inú bí i sí Barnabé, inú bí i sí bírò àti àyè mẹ́ta inú ìwé wọn, inú bí i sí ẹ̀yìn tirẹ̀ gan-an tó fẹ́ sọ ọ́ di alágbe. Ó gbé igbá omi náà, ó sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí pèpéle, ó dúró sórí ilẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó lè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó gòkè, ohun pupa rẹ́súrẹ́sú bọ́ sínú omi. Ó fi ìka rò ó. Ahọ́n ọjọ́sí padà dé, kò ti ẹnu rẹ̀ kúrò ní ọjọ́ kan.

"Bí mo bá dalẹ̀ Kétu, kí ilẹ̀ yìí má gba òkú mi."

Ó mu ún tán. Ó yí ojú sí wọn, ó rẹ́rìn-ín.

Èrò fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, àga ń ṣubú, ọmọdé kan bú sẹ́kún. Àwọn ọlọ́lá orí pèpéle dìde láìmọ ohun tó gbé wọn dìde, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Fìlà Clément já bọ́, ẹnikẹ́ni ò bá a mú un. Barnabé tú ọwọ́ tó ká sáyà. Ó yí padà, àwọn mẹ́sàn-án tẹ̀lé e, ọkọ́ mẹ́wàá sì bá wọn lọ. Clémence jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, nítorí ó rí igbó tó máa bo oko wọn. Ó ń sunkún, ó sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ẹ wò ó, ẹ wo ọkọ mi.

Ògúndìran gorí pèpéle padà. Mẹ́tìrù nìkan ló kù síbẹ̀, ìwé bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ògúndìran nu ẹnu rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i pé kí àwọn bọ ara àwọn lọ́wọ́.

Mẹ́tìrù Raphaël, ọmọ ìwé, ẹni tó lá àgbàdo yẹn lẹ́nu ní àárọ̀ ọjọ́ náà tó ní epo ló kù sí i, kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pa mọ́ sẹ́yìn. Kò mọ ìgbà tó ṣe é. Nígbà tó mọ̀, ojú tì í, ó fẹ́ mú ọwọ́ náà wá síwájú, ọwọ́ ò wá. Ògúndìran ò fa tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó dúró níbẹ̀, ó nà án síwájú ọmọ náà títí gbogbo pápá fi rí i.

Ó ní, "Má wulẹ̀ mú un wá, Mẹ́tìrù. Ṣí kálámù rẹ, kí o kọ ohun tó ṣe ọ́ yìí sínú ìwé bírò."